Ṣílè 39 Kì í Ṣe Iye Ẹrù

Ọ̀pọ̀ ará Ọsirélíà tó ń wá ìdí ìran wọn ló máa ń bá ẹlẹ́wọ̀n pàdé nínú ìwé. Láti 1788 sí 1868, nǹkan bí 162,000 irú wọn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ojú omi kó lọ síbẹ̀. Lẹ́nu àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn, ẹ ó gbọ́ pé: “Torí ṣílè 39 péré ni wọ́n ṣe lé baba ńlá wa kúrò nílùú.” Bí ìtàn náà ti ń ti ẹnu dé ẹnu ni owó ọ̀hún ń joro, títí yóò fi di búrẹ́dì kan. Wọ́n ń fi ìyẹn júwe bí òfin ṣe rorò tó. Òfin náà rorò lóòótọ́, àmọ́ ṣílè 39 kọ́ ni ẹ̀rí rẹ̀. Àánú ni iye yẹn ń jẹ́rìí sí.

Àwọn àgbà wa tó ti ná tọ́rọ́ àti sísì rí mọ̀ pé 20 ṣílè ni pọ́n-ùn kan. Láti 1713, ẹni tó bá jí ẹrù tó tó ṣílè 40 nínú ilé onílé, ikú ni òfin kọ sílẹ̀ fún un. Ti ẹni tó yọ́ jalè nínú ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ ti wà láti 1699, ṣílè 5 sì ti tó pa á. Ará ìlú 12 ló ń sọ bóyá olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi, àwọn náà ló sì ń dá iye lé ẹrù. Wọ́n á wo ọmọ ọ̀dọ̀ tó kó ṣíbí fàdákà ọ̀gá rẹ̀, wọ́n á ní ó jẹ̀bi, wọ́n á sì ní ṣílè 39 ni gbogbo rẹ̀. Ṣílè kan tí wọ́n yọ yẹn ni wọ́n fi ra ẹ̀mí rẹ̀. Nígbà mìíràn, owó gidi ni olè jí, síbẹ̀ wọ́n á dín in kù, bí ẹni pé pọ́n-ùn mẹ́ta kì í ṣe pọ́n-ùn mẹ́ta! Blackstone, àgbà amòfin ayé ìgbà náà, rí i pé ìbúra èké ni, ó ní ti aláàánú sì ni.

Iye méjì ló yẹ kí olùwádìí wá, nígbà náà: ti inú ẹ̀sùn àti ti inú ìdájọ́. Ìwé ẹjọ́ Old Bailey, ilé ẹjọ́ ọ̀daràn ní London, láti 1674 dé 1913, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ̀sùn bá ní pọ́n-ùn 5, tí ìdájọ́ wá ní ṣílè 39, ọwọ́ àwọn ará ìlú 12 yẹn lẹ rí.

Níbi tí wọ́n ti fipá gba nǹkan, ẹ̀tàn yìí kò ṣiṣẹ́, torí òfin kò bìkítà fún iye ẹrù. Ní 1788, ní London, Mary Wade, tóun náà ṣì jẹ́ ọmọdé, pẹ̀lú ọmọbìnrin kan bọ́ aṣọ, ìborùn àti fìlà lára ọmọ ọdún 8. Ẹni tó bá ka orúkọ ẹrù nìkan yóò ní fìlà ló sọ ọ́ di ẹlẹ́wọ̀n. Ikú ni wọ́n dá fún un ní January 1789. Ní March, tí ara ọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàìsàn yá, ọba dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ọkọ̀ Lady Juliana gbé e dé Sydney ní June 1790. Kó tó kú ní 1859, àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ti lé ní 300. Kevin Rudd, olórí ìjọba Ọsirélíà nígbà kan, wà lára ìran rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù fún ẹni tí ìwé ẹjọ́ baba ńlá rẹ̀ bá jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1780. Ogun ti ti ọ̀nà Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń kó ẹlẹ́wọ̀n lọ tẹ́lẹ̀, pa, wọn kò sì tíì yan Sydney. Ní 1782, ìjọba kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹlẹ́wọ̀n lọ sí Cape Coast, ní Gánà òde òní, láti ṣe ọmọ ogun. Púpọ̀ nínú wọn kú síbẹ̀, àwọn mìíràn sá lọ. Ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò.