Ìbọ̀wọ́ àti ọwọ́ fífọ̀ nílé ìwòsàn

Ìbọ̀wọ́ àti ọwọ́ fífọ̀ ni òṣìṣẹ́ ìlera fi ń dènà kí àrùn má bàa ti ara aláìsàn kan ràn mọ́ òmíràn, tàbí mọ́ òun alára. Ọ̀rọ̀ náà kan Ìdànrè gbọ̀ngbọ̀n, nítorí Ìpínlẹ̀ Òǹdó tí ìlú náà wà nínú rẹ̀ wà lára ibi tí ibà Lassa ti ń jà jù ní Nàìjíríà. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ ni ojúkò ìtọ́jú rẹ̀ níbẹ̀.

Eku ló ń gbé àrùn náà wọlé. Ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ àti èébì aláìsàn ló ń gbé e dé ọwọ́ nọ́ọ̀sì. Nígbà tí a kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní 1969, nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Lassa kú sí Jos, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ náà sì kú. Ibi tó ti léwu jù ni pé bí ibà lásán ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀: orí fífọ́, ara gbígbóná. Ta ni yóò kọ́kọ́ rò pé kì í ṣe ibà ẹ̀fọn? Ìdí nìyí tí a kì í fi í dúró de èsì àyẹ̀wò kí a tó ṣọ́ra.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀ yìí ti pẹ́: ní 1847 ni dókítà Semmelweis ti fi hàn ní Vienna pé bí dókítà bá fọ ọwọ́, ikú àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun yóò dín kù. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà dé yàrá iṣẹ́ abẹ lẹ́yìn náà, ní Amẹ́ríkà. Ẹ gbọ́ o, nítorí ọwọ́ nọ́ọ̀sì kan tí oògùn apakòkòrò ń bó ni dókítà Halsted ṣe ní kí wọ́n ṣe é. Kì í ṣe nítorí aláìsàn.

Ìbọ̀wọ́ kò rọ́pò ọwọ́ fífọ̀. Ó lè ní ihò tí ojú kò rí, ọwọ́ sì lè fara kan ìdọ̀tí nígbà tí a bá ń bọ́ ọ. A óò fọ ọwọ́ kí a tó wọ ìbọ̀wọ́, a óò sì tún fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí a bá bọ́ ọ. Ọṣẹ àti omi gba bí 40 sí 60 ìṣẹ́jú àáyá. Sanitáísà, 20 sí 30. Ṣùgbọ́n bí ìdọ̀tí bá hàn lọ́wọ́, ọṣẹ àti omi nìkan ló tọ́.

Ní ọ̀pọ̀ ọsibítù, ìbọ̀wọ́ wà nínú ohun tí aláboyún ń rà dání wá bímọ. Ọ̀wọ́n rẹ̀ kò gbọdọ̀ mú kí ẹnikẹ́ni fi ẹyọ kan tọ́jú ènìyàn méjì. Bí ẹ bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ má tijú láti sọ pé: “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó fọwọ́ kàn mí.”