Martin Offiah, Wíńgà Tí Ìbògún Kò Mọ̀

Bí bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì bá bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Ìbògún kì í gbèrò. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ifọ̀, Mówè àti Ìbàfò. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń jókòó síbẹ̀ lè ka orúkọ ọmọ Nàìjíríà tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Arsenal tàbí Chelsea tẹ̀ lé ara wọn láìsinmi. Ẹ dárúkọ Martin Offiah fún wọn, wọn á máa wo ara wọn lójú. Ó dunni, torí pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tó gbayì tó o nínú eré ìdárayá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò pọ̀ rárá. Wíńgà ni nínú ráágíbì, kì í ṣe nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kí òkìkí rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa.

Hackney, ní London, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 29, Oṣù Kejìlá, ọdún 1966. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Woolverstone Hall, iléèwé tí wọ́n ti ń sùn ní Suffolk, ló lọ, lẹ́yìn náà ló ń ṣe ráágíbì oníèèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún Rosslyn Park. Ní ọdún 1987, Doug Laughton, tó ń kọ́ ẹgbẹ́ Widnes, rí bó ṣe ń sáré níbi ìdíje Middlesex Sevens, ó sì mú un lọ sí ìlú àwọn ilé iṣẹ́ kẹ́míkà tó wà létí odò Mersey. Ráágíbì tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó mọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù ló pín ráágíbì sí méjì. Àwọn tó ń ṣe é ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ awakùsà àti òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ. Bí wọ́n bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kí wọ́n lè lọ ṣeré, owó ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ wọn fẹ́ máa san owó náà padà fún wọn. Àwọn ọ̀gá eré náà, tí ebi kì í pa, fárígá. Ní ọjọ́ 29, Oṣù Kẹjọ, ọdún 1895, àwọn ẹgbẹ́ àríwá pàdé ní George Hotel ní Huddersfield, wọ́n sì yà kúrò. Láti ọdún 1906, èèyàn mẹ́tàlá ni wọ́n ń lò, pápá wá gbòòrò fún ẹni tó bá lẹ́sẹ̀. Eré tiwọn yìí ni wọ́n ń pè ní ráágíbì líìgì. Ẹni tó bá kúrò nínú ráágíbì ti gúúsù lọ gba owó lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ti lé e jáde títí ayé nìyẹn. Ọdún 1995 ni òfin yẹn tó wó.

Offiah kọ́ ni ọmọ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ọ̀nà náà. Atukọ̀ ará Sierra Leone ni bàbá Billy Boston, tí wọ́n bí sí Cardiff ní ọdún 1934. Kò sí aláwọ̀ dúdú kankan tó tíì wọ aṣọ Wales nínú ráágíbì oníèèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà náà. Ní ọdún 1953, Boston gba £3,000, ó bá Wigan, ẹgbẹ́ líìgì kan, lọ. Tíráì 571 ló gbà kó tó fẹ̀yìn tì. Tíráì ni kí èèyàn gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà ìkẹyìn kó sì fi kan ilẹ̀. Ọdún 2025 ni Ọba Charles tó fi oyè Sir dá a lọ́lá, ẹni àkọ́kọ́ nínú ráágíbì líìgì láti 130 ọdún. Ó pẹ́ jù.

Tíráì 42 ni Offiah gbà ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Widnes, 60 ní sáà kejì, ẹgbẹ́ náà sì gba ife líìgì ní sáà méjèèjì. Ní Oṣù Kẹwàá, ọdún 1989, wọ́n na Canberra ti Australia 30 sí 18 ní Old Trafford, méjì nínú tíráì wọn jẹ́ tirẹ̀. Ní Oṣù Kìíní, ọdún 1992, Wigan san £440,000 lé e lórí. Ẹgbẹ́ ráágíbì líìgì kankan kò tíì ná irú owó bẹ́ẹ̀ lórí ẹnì kan rí. Oṣù Karùn-ún kò tíì parí tó fi gba tíráì mẹ́wàá nínú ìdíje kan ṣoṣo pẹ̀lú Leeds, tí wọ́n nà ní 74 sí 6.

Tíráì tí àwọn olólùfẹ́ ráágíbì líìgì kò lè gbàgbé ni èyí tó gbà ní Wembley, ọjọ́ 30, Oṣù Kẹrin, ọdún 1994. Leeds náà ni Wigan tún bá pàdé. Wọ́n ti há Wigan mọ́ ẹnu ìlà tiwọn. Bọ́ọ̀lù bọ́ sọ́wọ́ Offiah níbẹ̀, ó yọ láàárín àwọn tó fẹ́ dì í mú, pápá sì ṣófo níwájú rẹ̀. Alan Tait nìkan ló kù. Tait mọ eré rẹ̀ dáadáa, torí wọ́n ti jọ wà ní Widnes. Ó sáré gba ìbú pápá bọ̀ wá ká a mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìlà; Offiah fi kún eré, ó gba ẹ̀yìn òde rẹ̀ kọjá. Nígbà tó fi bọ́ọ̀lù kan ilẹ̀ tán, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ bojú. Wigan borí, 26 sí 16.

Nígbà tí òfin ọgọ́rùn-ún ọdún wó, wọ́n mú Wigan pàdé Bath, ẹgbẹ́ ráágíbì oníèèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí Adédayọ̀ Adébáyọ̀, ọmọ tí wọ́n bí sí Ìbàdàn, ti gbayì. Lábẹ́ òfin líìgì ní Oṣù Karùn-ún, ọdún 1996, Wigan fi 82 sí 6 nà wọ́n. Offiah nìkan gba tíráì mẹ́fà. Ní Twickenham, lábẹ́ òfin tiwọn, Bath gba ẹ̀san, 44 sí 19.

Offiah tún lọ sí London Broncos, lẹ́yìn náà Salford. Tíráì 501 ló kó jọ. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ Bìrìtìkó, Brian Bevan àti Boston nìkan ló ṣáájú rẹ̀. Láti ọdún 2015 ni ère òun àti Boston ti wà ní Wembley.

Ọmọ Yorùbá ti wà lẹ́nu iṣẹ́ wíńgà náà. Adé Adébísí ṣeré fún Whitehaven, ìlú etí òkun ní Cumbria, ó sì ń ṣe é pẹ̀lú àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde tí àwọn dókítà ń pè ní sickle cell, àìsàn tí ọ̀pọ̀ òbí níbí kì í torí rẹ̀ jẹ́ kí ọmọ sá eré ọdẹ̀dẹ̀ pàápàá. Ó wà lára àwọn tó gbé ráágíbì líìgì wá sí Nàìjíríà. Ní Oṣù Kẹwàá, ọdún 2019, ẹgbẹ́ Nàìjíríà na Morocco 38 sí 10 ní Èkó, wọ́n sì gba ife Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn.