Ìléròrò tó pa ọmọ Ààrẹ Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin èèyàn mi tó ń fi búútù tuntun dúró láti alẹ́ mọ́jú ní ilé ìkẹ́rùsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wo ìléròrò. Ó ti pa ọmọ ààrẹ rí, White House gan-an ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Calvin Coolidge ló wà lórí oyè nígbà náà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 1924, ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Calvin bíi tiẹ̀, ọmọ ọdún 16, bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ John gbá tẹ́níìsì. Kò wọ ìbọ̀sẹ̀ sínú bàtà. Bàtà gé e jẹ, ìléròrò yọ lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ta ni irú ẹ̀ ò ṣe rí nínú wa? Kò pẹ́, ara rẹ̀ gbóná, ilà pupa ń gun ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sókè. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Staphylococcus, tó sábà máa ń wà lára awọ láìṣe èèyàn ní nǹkan kan, ti gba ojú egbò yẹn wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje, ọmọ náà kú ní ilé ìwòsàn àwọn ológun, Walter Reed. Ọjọ́ méje péré!

Owó wà, dókítà pọ̀ lọ súà. Oògùn ni kò tíì sí. Ọdún 1928 ni Fleming ṣàwárí penicillin ní London, ó sì tó nǹkan bí ọdún 1940 síwájú kí wọ́n tó fi tọ́jú èèyàn dáadáa. Lọ́dún 1936, àrùn mú ọ̀fun ọmọ Ààrẹ Roosevelt burúkú-burúkú, Prontosil tí àwọn ará Jámánì ṣe ló gbà á là. Ọdún 12 ló wà láàárín ọmọ ààrẹ méjèèjì. Coolidge ṣì wọlé ìbò lọ́dún 1924 yẹn, àmọ́ ìwé ìtàn ayé ẹ̀ tó jáde ní 1929 fi hàn pé adùn ipò náà bá ọmọ ẹ̀ lọ.

Oògùn ti wà báyìí o, ṣùgbọ́n awọ tó bo ìléròrò náà ṣì ni ìdérí tí kì í jẹ́ kí kòkòrò wọlé. Torí náà, ẹ má fi abẹ́rẹ́ gèlè lu ú (mo mọ̀ yín!). Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, kí ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn. Tó bá bẹ́ fúnra ẹ̀, ẹ má bó awọ rẹ̀ kúrò. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi Vaseline díẹ̀ pa á, kí ẹ bò ó, kí ẹ sì máa pààrọ̀ pílásítà lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, kó tètè fi han dókítà, bó ti wù kó kéré tó. Tí ibẹ̀ bá ń pọ́n sí i, tó ń ṣọyún, tí ibà dé, tàbí tẹ́ ẹ rí ilà pupa yẹn, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an, kódà bí ẹ bá ní iṣẹ́ alẹ́.