Rélùwéè Gbé Àrùn Dé, Kò Gbé Dókítà

Ẹ̀yin ará, àwa tí a wà ní Kánò lọ́dún 2020 kò tíì gbàgbé oṣù kẹrin ọdún náà. Ojoojúmọ́ là ń gbọ́ òkú àgbà. Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ padà sí ọdún 1918, torí ohun tójú wa rí yẹn, ojú àwọn baba wa ti rí i rí.

Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Bida ti Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, gúnlẹ̀ sí Èkó. Àrùn inflúẹ́ńsà bá a wọlé. Àwọn Yorùbá kan pè é ní lùkúlùkú, orúkọ àrùn adìyẹ. Ẹni tó bá ti sin adìyẹ rí á mọ ìdí rẹ̀. Ọdún 1911 ni rélùwéè ti dé Kánò, àrùn náà sì bá ojú irin lọ sókè. Ọ̀nà tí obì àwọn baba wa ń gbà dé ọjà Kánò náà ló gbà. Àwọn òpìtàn fojú bù ú pé nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ló kú ní Nàìjíríà, nígbà tí gbogbo wa ò ju bíi mílíọ̀nù 18 lọ.

Ṣé kò sí dókítà ni? Wọ́n wà, àmọ́ wọn ò pọ̀, ẹ sì wo ibi tí wọ́n wà. Láti ọdún 1902 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn rẹ̀ sílẹ̀ fún Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ọmọ òyìnbó nìkan ni wọ́n sì ń gbà. Àwọn tiwa tó kàwé ìṣègùn lókè òkun, irú John Randle àti Orisadipe Obasa, iṣẹ́ tara wọn ni wọ́n ń ṣe l'Ékòó. Ogun ti kó lára àwọn òyìnbó náà lọ. Lọ́dún 1917, òfin Lugard tún ya àdúgbò òyìnbó sọ́tọ̀, pé kí ilẹ̀ òfìfo tó fẹ̀ tó yáàdì 440 wà láàárín wọn àti àwa. Torí ìlera ni, wọ́n ní. Ìlera ta ni?

Ká má parọ́, dókítà gan-an ò ní oògùn tó ń wo àrùn yẹn. Kínínì àti aspirin ò lè ṣe é. Ohun tó ń gba èèyàn là ni ẹni tó máa jókòó tì í, tó máa fún un lómi, tó máa po ẹ̀kọ gbígbóná fún un mu. Àwọn géńdé tó wà láàárín ọdún 20 sí 40 ni àrùn náà sì ń pa jù. Bí ọkọ àti ìyàwó bá dùbúlẹ̀ pọ̀ ní Sábó, níbi tí wọn ò ti ní ìyá tàbí àǹtí nítòsí, ta ló máa pọnmi?

L'Ékòó, àwọn wolé-wolé ń lọ láti ilé dé ilé. Ọ̀pọ̀ èèyàn sá kúrò nílùú. N'Íjẹ̀bú-Òde, Joseph Shadare àti olùkọ́ ọ̀dọ́bìnrin kan, Sophia Odunlami, wà lára àwọn tó kóra jọ láti gbàdúrà, wọ́n sì ń lo omi òjò fún ìwòsàn. Àwọn kan máa ń bú wọn pé wọ́n kọ oògùn. Èmi ò bá wọn bú wọn o. Oògùn wo? Ta ló gbé e wá bá wọn?

Ó wá di 2020. Ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò Kòrónà ní Kánò dáwọ́ dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn aládàáni ti géètì wọn. Mínísítà ìlera sọ lẹ́yìn náà pé òkú 979 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ láàárín ìgboro, àti pé ó ṣeé ṣe kí Kòrónà lọ́wọ́ nínú ikú bí ìdajì wọn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn yòókù ńkọ́? Màmá kan nínú ìjọ wa ní ẹ̀jẹ̀ ríru. A gbé wọn dé ilé ìwòsàn mẹ́ta lọ́jọ́ kan. Ní ìkẹta, inú géètì ni máígádì ti bi wá bóyá wọ́n ń wúkọ́. A ní rárá. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé kóun má ṣílẹ̀kùn. A gbé Màmá padà sílé, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò mọ́ bá wọn.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, dókítà wọ ilé ẹnì kan ní GRA lóru, ó gbé omi kọ́ fún un lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Inú mi dùn pé onítọ̀hún yè. Àdúgbò táwọn òyìnbó yà sọ́tọ̀ fún ara wọn níjọ́sí là ń pè ní GRA lónìí. Láti Sábó, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀.