Gbohùngbohùn Inú Ẹ̀rọ

Bí ènìyàn bá ké ní ẹsẹ̀ òkè, gbohùngbohùn yóò dá a lóhùn. Ohun tí ó bá wí ni òkè yóò wí padà. Kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ní gbohùngbohùn tirẹ̀, ìtàn rẹ̀ sì kan èdè Yorùbá ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ.

A sábà máa ń rò pé bọ́tìnì tí a tẹ̀ ni ó kọ lẹ́tà. Bẹ́ẹ̀ ni ti táípù àtijọ́ rí. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí ènìyàn púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pín kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lò ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ Teletype ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń bá a sọ̀rọ̀. Model 33, tí ó jáde ní 1963, gbajúmọ̀ púpọ̀. Inú àpótí kan náà ni bọ́tìnì rẹ̀ àti ibi ìtẹ̀wé rẹ̀ wà, síbẹ̀ a lè ṣètò rẹ̀ kí lẹ́tà kọ́kọ́ gba orí wáyà lọ bá kọ̀ǹpútà, kí kọ̀ǹpútà sì dá a padà kí ó tó hàn lórí bébà. Bí lẹ́tà bá jáde, ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ mọ̀ pé ó dé ọ̀hún. Bí ó bá dàrú lọ́nà, yóò rí i.

Ken Thompson àti Dennis Ritchie, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Unix ní Bell Labs ní 1969, tẹ̀lé àṣà yìí. Bí a bá ń tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń wọlé, Unix kì í dá a padà: ó gbọ́, ṣùgbọ́n ó pa ẹnu mọ́. Nígbà tí ó fi di 1979, ìlà méjì péré ti tó láti fi gbohùngbohùn yìí hàn. Àṣẹ read ní kí ẹ̀rọ gba ohun tí a bá tẹ̀, kí ó fi pamọ́. Àṣẹ echo ní kí ó wí i padà.

Kí ni ó lè wí padà? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Àtẹ ASCII, tí wọ́n gbé jáde ní 1963, ní ààyè 128 péré. Kò sí ẹ níbẹ̀, kò sí ọ, kò sí ṣ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ààyè fún àmì ohùn lórí lẹ́tà wa. Ọkọ tí í ṣe olówó orí, ọkọ́ tí àgbẹ̀ ń lò, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, àti ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù, oko ni ẹ̀rọ kó gbogbo wọn lọ. Bẹ́ẹ̀, láti 1875 ni àwọn ìjọ CMS ti ṣe ìpàdé ní Èkó lórí àkọtọ́ Yorùbá. Àmì wa kì í ṣe àlejò. Àtẹ ni kò fún un ní ìjókòó. Mo rántí pé ní àwọn ọdún 1990, bíró ni mo fi ń fi àmì sí iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ti tẹ̀ jáde.

Ìtura dé díẹ̀díẹ̀. Unicode jáde ní 1991. Nígbà tí ó di 1993, ẹ, ọ àti ṣ ti ní nọ́ńbà tiwọn. Ní 1992, Thompson kan náà àti Rob Pike ṣe UTF-8, ọ̀nà tí a fi ń to àwọn nọ́ńbà náà. Báìtì kan ni e gbà níbẹ̀. Ẹ́ gba márùn-ún, mẹ́ta fún ẹ, méjì fún àmì ohùn, nítorí pé ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, lórí ẹ̀rọ púpọ̀, bí a bá fẹ́ pa á rẹ́, àmì nìkan ni yóò kọ́kọ́ lọ.

Lónìí, ìlà méjì yẹn lè dá ọkọ́ padà gẹ́gẹ́ bí ọkọ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wa, àti àwa olùkọ́ èdè pàápàá, ṣì ń tẹ oko. Ní 1963, àtẹ ni ó jẹ̀bi. Lónìí, a kò lè dá a lẹ́bi mọ́. Òkè kì í wí ohun tí a kò wí sí i.