Ìdána ní Gbangba, Ẹ̀wọ̀n Ọdún Márùn-ún: Òfin Ìgbéyàwó ti 1884 àti Ọ̀ràn Olóbìnrin Púpọ̀

Bí ọkùnrin kan bá fẹ́ ju ìyàwó kan lọ, tí gbogbo àwọn tí ọ̀ràn kàn jẹ́ àgbà, tí wọ́n mọ̀, tí wọ́n sì fọwọ́ sí i, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ìjọba tìtorí rẹ̀ sọ ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò rò pé ará òkè òkun nìkan ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kàn. Lóòótọ́, ẹni tí ó gbéyàwó nílànà ìbílẹ̀, tàbí tí wọ́n so yìgì fún, kò rú òfin bí ó bá fẹ́ òmíràn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ṣe alárédè, tí ó wá lọ ṣe ìdána lórí ẹlòmíràn, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ni Òfin Ìgbéyàwó ilẹ̀ Nàìjíríà kà sí i lọ́rùn títí di òní.

Òfin yìí ní ìtàn. Ní 1884 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé e kalẹ̀ ní Èkó, ọdún 23 lẹ́yìn tí wọ́n gba ìlú náà. Àwọn Sàró àti àwọn ọmọ ìjọ tí wọ́n kàwé ni ó kọ́kọ́ bá wí. Ohun méjì ni ó so pọ̀: ẹni tí ó bá ṣe alárédè kò gbọdọ̀ fẹ́ ẹlòmíràn nílànà ìbílẹ̀, àti pé bí ó bá kú, ìlànà Gẹ̀ẹ́sì ni a ó fi pín ogún rẹ̀. Apá kejì yìí ni ó gbóná jù. Nínú àṣà Yorùbá, opó kì í jogún ọkọ. Àwọn ọmọ olóògbé àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń pín ohun ìní rẹ̀. Ní 1898, nínú ẹjọ́ ìdílé Cole, arákùnrin olóògbé wá béèrè ogún nílànà ìbílẹ̀. Ilé ẹjọ́ Èkó ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé tọkọtaya náà ti ṣe ìgbéyàwó Kristẹni ní ilẹ̀ Sàró, òfin Gẹ̀ẹ́sì ni yóò sì pín ogún náà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ẹ̀sìn nìkan ni àwọn obìnrin Èkó ìgbà náà ń wò nígbà tí wọ́n takú pé àfi òrùka. Ilé àti ilẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Àwọn ọkùnrin ńkọ́? Ìhà tiwọn ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò. Ohun tí òfin náà kà léèwọ̀ ni ṣíṣe ìgbéyàwó kejì. Kò ka níní obìnrin kejì léèwọ̀. Ẹni tí ó bá rán alárinà, tí ó gbé owó orí lọ, tí ìdílé méjì sì jókòó tí wọ́n súre, òun ni ọwọ́ òfin lè tó. Ẹni tí ó bá gba ilé fún obìnrin ní àdúgbò mìíràn, tí ó ń yọ́ lọ síbẹ̀ lálẹ́, tí ó bí ọmọ mẹ́rin, kò jẹ̀bi ohunkóhun, nítorí kò ṣe ìdána. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà kò pẹ́ mọ ọ̀nà yìí, àwọn kan tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún alárédè pátápátá. Òfin tí wọ́n ní ó wá gbé obìnrin ga ni ó sọ ẹni tí ìbá jẹ́ ìyàwó lójú gbogbo ayé di ìyàwó ìta. Ìwé òfin ọ̀daràn ti 1916 tún fi ẹ̀wọ̀n ọdún 7 kún un fún ẹni tí ó bá ṣe ìgbéyàwó tí kò lè dúró nígbà tí ìyàwó alárédè rẹ̀ ṣì wà láàyè. Síbẹ̀, ta ni ó rántí ìgbà tí wọ́n fi ọlọ́lá kan sẹ́wọ̀n nítorí rẹ̀?

Inú ìjọ ni a ti jà á jù. Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson kò gba olóbìnrin púpọ̀ láyè rárá. Ṣùgbọ́n ní 1891 ni a dá United Native African Church sílẹ̀ ní Èkó, African Church tẹ̀ lé e ní 1901, nígbà tí ó sì di 1917, àwọn tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì lé jáde nítorí ìyàwó púpọ̀ dá ìjọ tiwọn, Eléjà, sílẹ̀. Ìbéèrè kan wà nínú àríyànjiyàn wọn tí àwọn míṣọ́nnárì kò rí dáhùn dáadáa: obìnrin tí a ní kí ọkọ lé lọ kí ó lè ṣe ìrìbọmi, ibo ni yóò lọ? Ní 1888, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà ní Lambeth kọ̀ láti ri irú ọkọ bẹ́ẹ̀ bọmi. Ní 1988, ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé, ìpàdé kan náà gbà kí a rì í bọmi, bí ó bá ṣèlérí pé òun kò ní fẹ́ òmíràn mọ́, wọ́n sì ní kí a má fi ipá mú un lé àwọn ìyàwó rẹ̀ nítorí ìyà tí yóò jẹ wọ́n.

Ìjọba Amẹ́ríkà ń ja irú ogun kan náà nígbà kan náà pẹ̀lú àwọn Mọ́mọ́nì ní Utah. Ní 1879, ilé ẹjọ́ wọn tí ó ga jù lọ dá wọn lẹ́bi, ọ̀kan nínú àwíjàre adájọ́ àgbà sì ni pé àṣà àwọn ará Éṣíà àti Áfíríkà ni ìyàwó púpọ̀. A rí i pé orúkọ wa wà nínú ẹjọ́ tí a kò mọ̀ nípa rẹ̀. Òfin tí ó le sí i tẹ̀ lé e ní 1882. Ṣùgbọ́n ní 2020, Utah fúnra rẹ̀ yọ ẹ̀wọ̀n kúrò fún àwọn àgbà tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan, ó sì fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá lo ipá tàbí ẹ̀tàn. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é yé mi dáadáa: obìnrin tí wọ́n ń lù nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kò lè lọ fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá, nítorí ilé náà gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀.

Níhìn-ín, Òfin Ìpìlẹ̀ 1979 ti fòpin sí ìdènà tí a ń fi ipò ìbí dí ọmọ lọ́nà, ti 1999 sì tún un sọ. Ọmọ ìta lè jogún bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ nìkan ni ó kù síta. Nítorí èyí, èrò tèmi ni pé kí a yọ ẹ̀wọ̀n náà kúrò. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ni ó ń bà mí, ọ̀rọ̀ ìfohùnṣọ̀kan náà ni. Nílé wa, ìgbà tí ìyàwó bá ti dé ẹnu ọ̀nà ni a sábà máa ń sọ fún ìyálé pé ó ti gbà. Àwọn tí wọ́n mọ ohun tí orogún túmọ̀ sí nínú èdè yìí kò ní pe ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìfọwọ́sí. Ṣáájú ìdána ni kí a ti bi í, níbi tí ọkọ àti àwọn ẹbí ọkọ kò sí. Bí ó bá kọ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti kọ ọkọ sílẹ̀ àti ìpín rẹ̀ nínú ogún kò gbọdọ̀ yẹ̀. Abala tí ó fi ẹ̀wọ̀n de ìgbéyàwó ìbílẹ̀ lẹ́yìn alárédè ni kí àwọn aṣòfin kọ́kọ́ fà ya. Èyí tí ó dè ọkùnrin tí ó ní ìyàwó nílé tí ó sì lọ purọ́ níwájú akọ̀wé ìgbéyàwó pé àpọ́n ni òun, kí wọ́n jẹ́ kí ó dúró.