Ẹnu Ọ̀sà Èkó Ló Wọn Ọkọ̀

Láti Steilshoop ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ òru ni mo ti dé, tí ohùn mi bá há, ẹ má bínú.

Ẹnì kan bi mí pé, Hamburg ti ń bá Èkó ṣòwò tipẹ́, kí ló dé tí ọkọ̀ ńlá kì í fi í wọ Èkó láyé ìgbà yẹn? Iyanrìn ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ dáadáa.

Ilé iṣẹ́ O'Swald ti Hamburg wà ní Èkó tẹ́lẹ̀, G. L. Gaiser gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1869. Èkùrọ́ ni wọ́n ń kó wá síbí, tí wọ́n ń fún epo rẹ̀ ní Harburg. Ní 1885, Woermann dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀. Ẹ lọ wo Afrikahaus wọn ní Große Reichenstraße, erin wà níbẹ̀!

Ó dáa, ká ní ẹ̀yin lẹ fẹ́ kan ọkọ̀ náà. Ẹ ó kọ́kọ́ mú gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀, gíga rẹ̀ àti bí yóò ṣe rì wọ omi tó. Wọ́n ń fa ara wọn ni. Omi tí ọkọ̀ bá tì kúrò gbọ́dọ̀ wúwo tó ọkọ̀ àti ẹrù inú rẹ̀. Bí kò bá lè rì púpọ̀, àfi kó gùn tàbí kó fẹ̀. Bó bá gùn jù, ìgbì á fẹ́ ṣẹ́ ẹ láàárín, irin tí ẹ ó fi kì í láyà á gbówó lórí. Bó bá fẹ̀ jù, á jẹ èédú, á sì máa mì jìgìjìgì lójú òkun. Lọ́dọ̀ àwa nọ́ọ̀sì, ẹnu ọ̀nà la kọ́kọ́ ń wọ̀n ká tó ra bẹ́ẹ̀dì.

Ẹnu ọ̀nà Èkó wá ńkọ́? Omi orí iyanrìn ẹnu ọ̀sà kò ju bíi 9 sí 12 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ọkọ̀ tó lè gba ibẹ̀ kọjá kéré jù láti kó ẹrù tó lérè wá sí Hamburg. Nítorí náà oríṣi ọkọ̀ méjì ni wọ́n lò: ńlá fún òkun, kékeré fún ọ̀sà. Wọ́n á gbé ẹrù Èkó lọ sí Forcados, lẹ́nu odò Ọya, kí wọ́n tó kó o sínú ọkọ̀ ńlá. Èrò ọkọ̀ ńkọ́? Nínú àpótí ni wọ́n ti ń fi okùn sọ wọ́n kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré, lórí ìgbì. Àwọn kan kú síbẹ̀. Ta ló sì san owó ìkósókè-ìkósílẹ̀ yẹn? Èmi ò gbà pé oníṣòwò ló yọ ọ́ lápò rẹ̀. Obìnrin tó jókòó pa èkùrọ́ ló rí i nínú iye tí wọ́n dá lé e.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ètò àtúnṣe wà nílẹ̀ láti 1892. Ọdún 1907 ni ọkọ̀ tó ń gbẹ́ iyanrìn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òkúta Aro, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ni wọ́n fi rélùwéè kó wá fi dí òkun. Nígbà tó fi máa di 1914, ọkọ̀ òkun ti ń wọlé. Èbúté Apapa tẹ̀ lé e ní 1926.

Ẹ má rò pé ó tán o. Ní 2011, Maersk bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọkọ̀ tí wọ́n dìídì wọ̀n fún èbúté tiwa, WAFMAX: 249 mítà ní gígùn, 37 ní ìbú, kò sì rì ju 13.5 lọ. Ó fẹ̀ torí pé kò gbọdọ̀ rì. Lekki tó ṣí ní 2023 gba 16.5.

Tí ìyá àgbà yín bá mọ ìtàn àpótí orí omi yẹn, ẹ bi wọ́n, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi.